Ilé-ìṣọ́ àmì rélùwéè ní ibùdó New Street, Birmingham: kí ni ìtàn rẹ̀, kí ló sì kù níbẹ̀?

Arìnrìn-Ẹsẹ̀ kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti ń gba òpópónà Navigation Street lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí àárọ̀ kan tí ojú mi kì í bá ilé kọnkéré kan tó dúró gbọnin lẹ́bàá ojú-irin, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń yọ jáde lábẹ́ ibùdó New Street. Ara ogiri rẹ̀ rí kọ́rọ́kọ̀rọ̀ bíi páànù, kò sì jọ ilé kankan tó wà ní àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ pé ilé náà burẹ́wà, wọ́n sì ń bèèrè ìdí tí wọn kò fi tíì wó o.

Èmi kò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n tún ibùdó náà kọ́ láàárín ọdún 1964 sí 1967, inú ilé yìí ni àwọn olùṣọ́ àmì ti ń darí ọkọ̀ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, tọ̀sán-tòru, títí di àkókò Kérésìmesì ọdún 2022 tí wọ́n kó iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìdarí tó wà ní Saltley, ní ìlú kan náà. Láti ọdún 1995 ni òfin ti dáàbò bo ilé náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé wó o. Ohun tó ń ká mi lára ni pé ogiri ni òfin ń ṣọ́, n kò sì rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú ogiri náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ, bí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ tóbi tó bẹ́ẹ̀, kó bá wa dá sí i.

Òpìtàn kọ:

Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gbẹ́ni. Ká tó dé orí ilé náà, ó yẹ ká mọ ibùdó tó ń ṣọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1854 ni wọ́n ṣí New Street, lábẹ́ òrùlé irin àti gíláàsì kan tí E. A. Cowper yàwòrán rẹ̀. Òrùlé náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 212 láìsí òpó kankan láàárín, kò sì sí irú rẹ̀ tó fẹ̀ tó o ní gbogbo àgbáyé títí wọ́n fi kọ́ ti St Pancras ní London ní ọdún 1868. Ilé iṣẹ́ rélùwéè méjì, London and North Western àti Midland, ló ń lò ó, nígbà tí àyè kò sì gbà wọ́n mọ́, wọ́n fi apá kejì kún un ní ọdún 1885. Ẹ wá fi ọkàn sí ohun kan: tìhín-tọ̀hún ibùdó náà ni ihò abẹ́ ilẹ̀ wà. Gbogbo irin tó tàn kálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pèpéle èrò ní láti kóra jọ di díẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ihò náà, ibi tí irin púpọ̀ bá sì ti ń di díẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ méjì ti lè pàdé níbi tí kò yẹ kí wọ́n pàdé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ rélùwéè ní Bìrìtéènì, kò sí ilé-ìṣọ́ kankan. Àwọn ọlọ́pàá rélùwéè ló ń dúró lẹ́bàá irin, tí wọ́n ń fi ọwọ́, àsíá tàbí àtùpà darí ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi ń pe olùṣọ́ àmì ní «bobby» títí di òní, orúkọ ìnagijẹ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọlọ́pàá. Aago ni ọlọ́pàá yìí gbójú lé. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, á dá èyí tó tẹ̀lé e dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á jẹ́ kó lọ, láìmọ̀ bóyá èyí tó ṣáájú ti dé ibi tó ń lọ tàbí ó ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọdún 1841 ni Charles Hutton Gregory gbé àmì alápá kalẹ̀ ní New Cross ní London, apá igi tó ń nà síta tó sì ń wálẹ̀ lórí òpó. Ní ọdún 1856 ni John Saxby gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tó fi so ọ̀pá tí olùṣọ́ ń fà láti yí àmì pọ̀ mọ́ ọ̀pá ìyànà irin, ìyẹn ibi tí irin ti ń yà kí ọkọ̀ lè bọ́ sí ọ̀nà mìíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí àmì kò fi lè sọ pé «máa bọ̀» nígbà tí irin bá yà sí ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n ti wá so gbogbo ọ̀pá pọ̀ síbì kan, wọ́n ní láti kọ́ ilé lé e lórí, wọ́n sì gbé ilé náà ga kí olùṣọ́ lè máa rí ọkọ̀ lókèèrè. Bí ilé-ìṣọ́ àmì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ kọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Mo rí i nínú àwòrán àtijọ́ pé ilé-ìṣọ́ kéékèèké pọ̀ rẹpẹtẹ ní àyíká ibùdó ńlá kan ṣoṣo, nígbà mìíràn wọ́n fi nọ́ńbà pè wọ́n, wọ́n sì wà ní ìtòsí ara wọn. Kí ló fà á tí ẹyọ kan tó tóbi kò fi lè ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nígbà yẹn?

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

Ọmọ mi, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì lo béèrè yẹn. Iṣẹ́ àmì rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì bá àwọn ọ̀pá àtijọ́ náà ní ìgbà èwe mi, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Agbára ọwọ́ ènìyàn ló ń mú ohun gbogbo ṣiṣẹ́. Bí olùṣọ́ bá fa ọ̀pá kan, wáyà ni yóò fa apá àmì tó wà lókèèrè, ṣùgbọ́n ìyànà irin kò ṣeé fi wáyà yí, nítorí pé o ní láti lè fà á kí o sì lè tì í padà. Irin gbọọrọ ni wọ́n fi ń yí i, èyí tó ń yí lórí kẹ̀kẹ́ kéékèèké láti abẹ́ ilé-ìṣọ́ títí dé ibi tí ìyànà wà. Bí oòrùn bá mú, irin náà á gùn sí i. Bí òtútù bá mú, á súnkì. Bí ó bá sì jìnnà jù, ìgbẹ́kẹ̀lé kò sí mọ́ pé ibi tí ọ̀pá dé náà ni ìyànà dé. Nítorí èyí ni ìjọba Bìrìtéènì fi pààlà sí ibi tí ìyànà lè jìnnà sí ilé-ìṣọ́ mọ. Wọ́n ń sún ààlà náà síwájú díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń dára sí i, síbẹ̀ kò kọjá yáàdì 350. Ìyẹn ló fà á. Ibùdó tó gùn, tó sì ní ìyànà lọ́tùn-ún lósì, ní láti ní ilé-ìṣọ́ púpọ̀ tí ọ̀kan ń fi iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́.

Agogo ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ilé-ìṣọ́ kan bá fẹ́ rán ọkọ̀ èrò tó ń sáré sí èkejì, á lu agogo lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn ni pé, ṣé ọ̀nà ṣí fún un? Bí èkejì bá gbà, á lu ẹẹ́mẹrin náà padà. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra wọ ọ̀nà, á lu ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá tán pátá, tí olùṣọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí àtùpà ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá a lójú pé ọkọ̀ kò já sí méjì, á lu ẹ̀ẹ̀mejì, á dánu dúró díẹ̀, á sì lu ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ńlá kan pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú rẹ̀.

Àwọn ọ̀pá náà ní àwọ̀ tiwọn: pupa fún àmì ìdúró, ìyeyè fún àmì ìkìlọ̀ tó wà lókèèrè, dúdú fún ìyànà, búlúù fún ohun tí a fi ń ti ìyànà mọ́ ibi tó wà, funfun fún èyí tí kò ní iṣẹ́. A kì í sì fi ọwọ́ lásán dì wọ́n mú. Aṣọ ìnulẹ̀ kékeré kan máa ń wà lọ́wọ́ olùṣọ́, kí òógùn ọwọ́ má bàa jẹ́ kí irin náà dógùn-ún. Ẹ ó rí i pé irin náà ń dán bíi dígí nínú gbogbo ilé-ìṣọ́ tí olùṣọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ní ìlú York, ilé-ìṣọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Locomotive Yard tó ní ọ̀pá 295. Ẹ fojú inú wo iye ìgbésẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lójúmọ́ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Ìyá Àgbà Òǹkàwé kọ:

Ẹ̀yin ará, àlàyé yín dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n Òpìtàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bí ọgbọ́n náà ṣe jáde ni àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè gbà á tayọ̀tayọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Òpìtàn kọ:

Rárá o, mà, ẹ ṣeun tí ẹ pe àkíyèsí mi sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fà sẹ́yìn nítorí owó. Àwọn aṣàyẹ̀wò ìjọba a máa gbà wọ́n níyànjú lẹ́yìn ìjàǹbá kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé iṣẹ́ náà a sì máa sọ pé bí olùṣọ́ bá ní ẹ̀rọ tó ń bá a ronú, kò ní máa ronú fúnra rẹ̀ mọ́. Ohun tó fi òpin sí àríyànjiyàn náà ni ìjàǹbá Armagh ní Áyálándì, ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún 1889. Ọkọ̀ tó kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn ènìyàn wọn lọ sí etí òkun kò lè gun òkè. Wọ́n já a sí méjì kí wọ́n lè kọ́kọ́ gbé apá iwájú lọ, apá ẹ̀yìn sì yí sọ̀kalẹ̀ padà lọ kọlu ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Aago ni wọ́n fi rán ọkọ̀ kejì yẹn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́pàá àtijọ́ ti ń ṣe. Nǹkan bí ọgọ́rin ènìyàn ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin tó fi dandan lé e pé kí àmì àti ìyànà máa ti ara wọn mọ́, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa wà ní abala ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ìjánu ọkọ̀ èrò sì máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá já. Gbogbo ilé-ìṣọ́ tí ẹ rí lẹ́yìn ọdún 1889 ní Bìrìtéènì, abẹ́ òfin yẹn ni wọ́n wà.

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

Mo fẹ́ ṣe àtúnṣe kékeré kan sí ohun tí Òpìtàn kọ́kọ́ kọ, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Saxby ṣe ní ọdún 1856 ni pé ìyànà àti àmì ń yí pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì pé, nítorí pé bí ìyànà bá há sójú ọ̀nà, àmì lè ti yí tán. Austin Chambers ló ṣe é ní ọdún 1859 sí 1860, ní oríta Kentish Town ní London, tí ìgbésẹ̀ kan fi ní láti parí kí èkejì tó ṣeé bẹ̀rẹ̀: kí ìyànà kọ́kọ́ débi tó yẹ, kí a tó lè tú ọ̀pá àmì sílẹ̀. Lórí ìyẹn ni gbogbo ètò ìtìmọ́ra tí a ń lò di òní dúró lé, títí kan èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Saxby náà gbà bẹ́ẹ̀, ó sì tún tirẹ̀ ṣe.

Òpìtàn kọ:

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun.

Arìnrìn-Ẹsẹ̀ kọ:

Inú mi dùn gan-an sí gbogbo èyí. Ó ti yé mi ìdí tí ilé-ìṣọ́ fi pọ̀ nígbà kan rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sọ bí a ṣe ti ibẹ̀ dé orí ilé kọnkéré kan ṣoṣo yìí.

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

Iná mànàmáná ni. Mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nínú rẹ̀, èkíní sì ni ọkàn gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1872 ni William Robinson ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tó mú kí irin tí ọkọ̀ ń gùn máa sọ fúnra rẹ̀ bóyá ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n á pín ojú-irin sí abala, wọ́n á fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ láti ìpẹ̀kun kan irin náà, iná yìí á sì gbé relay kan dúró ní ìpẹ̀kun kejì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí iná ń gbé sókè, tó sì ń já wálẹ̀ bí iná bá kúrò lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wọ abala náà, àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jẹ́ irin á so irin méjèèjì pọ̀, iná á gba ibẹ̀ kọjá, kò ní dé ọ̀dọ̀ relay mọ́, relay á sì já wálẹ̀. Bó bá já wálẹ̀, àmì á pọ́n. Ẹ wo ẹwà rẹ̀: bí irin bá ṣẹ́, bí wáyà bá já, bí iná bá kú, relay á já wálẹ̀ bákan náà, àmì á sì pọ́n. Àbùkù fúnra rẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Fún bíi ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò rí ohun mìíràn tí ènìyàn ronú kàn tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ẹ̀rọ oníná tó ń yí ìyànà, tí a kò fi nílò irin gbọọrọ mọ́. Bí ìyẹn ti dé, ààlà yáàdì 350 di ohun àtijọ́, wáyà lásán sì lè darí ìyànà tó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta ni pátákó ìdarí. Láti ọdún 1937 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí lo irú èyí tó jẹ́ pé bọ́tìnnì méjì péré ni olùṣọ́ ń tẹ̀, ọ̀kan níbi tí ọkọ̀ yóò ti wọlé, èkejì níbi tí yóò ti jáde, tí ẹ̀rọ á sì wo gbogbo ìyànà tó wà láàárín, á yí wọn, á tì wọ́n, á sì tan àmì. Bí ọ̀nà bá ti ṣí, iná funfun á tàn tẹ̀léra lórí àwòrán ojú-irin tó wà lára pátákó náà. Ibi tí ọkọ̀ bá dé, iná ibẹ̀ á di pupa. Ní York, ní ọdún 1951, wọ́n ṣí ilé-ìṣọ́ tuntun kan tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Locomotive Yard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀pá 295 ṣe di iṣẹ́ ìka.

Ní Birmingham, ìyípadà náà dé pẹ̀lú iná mànàmáná lórí ọ̀nà tó lọ sí London. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 1967 ni ètò ìrìn ọkọ̀ oníná bẹ̀rẹ̀ ní kíkún, New Street tí wọ́n tún kọ́ sì ti wà nílẹ̀ dè é pẹ̀lú pèpéle méjìlá. Ilé-ìṣọ́ kan ṣoṣo ló rọ́pò gbogbo àwọn kéékèèké àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Westinghouse ló ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀. Wọ́n to àwọn relay sínú àpótí tí wọ́n ti so wáyà rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, àpótí kan fún ìyànà, àpótí kan fún àmì, wọ́n sì so àwọn àpótí náà mọ́ra bí irin ṣe so mọ́ra lórí ilẹ̀. Àwòrán ibùdó náà gan-an ló wà nínú wáyà wọn.

Ayàwòrán-Ilé kọ:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ilé fúnra rẹ̀. John Bicknell àti Paul Hamilton ló yàwòrán rẹ̀, pẹ̀lú W. R. Healey tó jẹ́ ayàwòrán ilé fún rélùwéè ní ẹkùn náà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yìí kan náà ló ṣe ilé àtúnṣe ọkọ̀ tó wà lẹ́bàá Paddington ní London, tí òfin dáàbò bo òun náà. Kọnkéré tí ara rẹ̀ ní ìlà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ ni wọ́n fi bò ó, ojò àti èéfín ìlú sì ń tẹ̀lé ìlà náà sọ̀kalẹ̀ dípò kó máa da ogiri rú. Ibi tí ilé náà wà há púpọ̀, ojú-irin wà nísàlẹ̀, òpópónà wà lókè, nítorí náà òkè ni wọ́n kọ́ ọ lọ. Mo gbà pé ó le lójú ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibùdó fúnra rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní àkókò kan náà, tí wọ́n fi kọnkéré bò mọ́lẹ̀, tí èrò ń dúró nínú òkùnkùn lábẹ́ ilé ìtajà. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọdún 1964 sí 1967 ní New Street, ilé-ìṣọ́ yìí nìkan ló fi ojú rẹ̀ hàn láìtijú, tó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ kọ:

Ẹ jọ̀wọ́, ohun kan ṣì rú mi lójú. Bí àwọn olùṣọ́ bá ń wo iná lórí pátákó, tí wọn kò nílò láti rí ọkọ̀ mọ́, kí ni wọ́n ń fi fèrèsé òkè ilé náà ṣe? Kí ló dé tí wọ́n tún kọ́ ọ ga bíi ti àtijọ́?

Ayàwòrán-Ilé kọ:

Ní ojú tèmi, àṣà ni. Ilé-ìṣọ́ ti ga fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó kọ́ èyí kò sì tíì lè ronú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lè gbé pátákó náà sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, kò sì ní sí ọkọ̀ kan tí yóò pẹ́.

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

N kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ohun tó jẹ́ kí ilé náà tóbi ni relay, wọ́n pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì ní láti wà ní yàrá tí kò gbóná jù, tí kò sì ní ọ̀rinrin, pẹ̀lú bátìrì, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tẹlifóònù. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn wúwo, ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà, nítorí náà òkè ló kù fún ènìyàn. Ti fèrèsé ńkọ́? Mo ti jókòó nínú yàrá ìdarí tí kò ní fèrèsé, mo sì ti jókòó nínú èyí tó ní. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ iná kéékèèké láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ nílò ibi tí ojú rẹ̀ lè sinmi sí. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, tàbí tí yìnyín ń já bọ́, ó dára kí olùṣọ́ mọ ohun tí awakọ̀ ń bá yí, kó tó dá a lóhùn lórí tẹlifóònù. Ìyẹn kì í ṣe àṣà lásán.

Ìyá Àgbà Òǹkàwé kọ:

Ọ̀rọ̀ yín yìí mú mi rántí pé wáyà pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Ṣé kì í ṣe wáyà ló fa ìjàǹbá Clapham?

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 1988, lẹ́bàá Clapham Junction ní London. Ènìyàn 35 ló kú. Wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ àmì àtijọ́ sí tuntun, wọ́n sì fi wáyà àtijọ́ kan sílẹ̀ láìgé e, láìdì í. Wáyà náà fara kan ibi tó ti ń gbé iná wọlé tẹ́lẹ̀, relay kò sì já wálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí irin, nítorí náà àmì kò pọ́n. Ìwádìí fi hàn pé ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ tó ṣe iṣẹ́ náà ti ní láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, àti pé kò sí ẹlòmíràn tó ka wáyà náà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti pààlà sí iye wákàtí tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe, tí wọ́n sì fi dandan lé àyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí mo sọ nípa àbùkù tó ń dá ọkọ̀ dúró, òótọ́ ni, bí ọwọ́ tó so ó bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Arìnrìn-Ẹsẹ̀ kọ:

Kí ló wá fà á tí wọ́n fi kó iṣẹ́ náà kúrò? Ilé náà kò tíì wó, iye ọkọ̀ kò sì dín kù.

Òpìtàn kọ:

Iye ọkọ̀ kò dín kù rárá. Ibùdó tí wọ́n tún kọ́ nígbà náà, ọkọ̀ 650 àti èrò 60,000 lójúmọ́ ni wọ́n fi sọ́kàn. Kí wọ́n tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, iṣẹ́ tó parí ní ọdún 2015, ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ ti lé ní 1,300 lójúmọ́, èrò sì ti lé ní 120,000. Relay àti pátákó tí wọ́n ṣe ní ọdún 1960 ó lé díẹ̀ ló ń darí wọn, ó sì ń ṣòro síwájú sí i láti rí ohun èlò tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó bá bàjẹ́, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kọ̀ǹpútà sì ti gba iṣẹ́ ìtìmọ́ra láti ọdún 1985, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó ní Leamington Spa, ìlú tí kò jìnnà sí Birmingham rárá.

Arìnrìn-Ẹsẹ̀ kọ:

Ẹ ṣeun. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí o. Mo mọ ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ti gbà tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní York, ilé-ìṣọ́ kan tó wà lórí pèpéle ti di ilé kọfí: ogiri wà, iṣẹ́ ti lọ. Ilé-ìṣọ́ Borough Market Junction ní London ti wà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ti rélùwéè ní York: ọ̀pá wà, ṣùgbọ́n kò sí ojú-irin tó so mọ́ ọn. Ní Shrewsbury nìkan ni mo ti rí ohun gbogbo lójú kan, ní Severn Bridge Junction tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1903 pẹ̀lú ọ̀pá 180, tí olùṣọ́ ṣì ń fà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní iṣẹ́ mọ́. Ti New Street, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣe é tú lọ tò síbòmíràn kó sì tún ní ìtumọ̀, nítorí pé wáyà rẹ̀ ni àwòrán ibùdó náà, gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rọ Àgbà ti sọ.

Ayàwòrán-Ilé kọ:

Òfin kò lè ṣe ju ìyẹn lọ, ẹ̀gbọ́n. Ilé ló lè dáàbò bò, kò lè fi dandan lé e pé kí ènìyàn máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ má ṣe fojú kéré ogiri. Láìsí ogiri náà, ẹ̀yin gan-an kì bá tí béèrè.

Ẹlẹ́rọ Àgbà kọ:

Ohun tó kù, tí òfin kankan kò kọ sílẹ̀, wà ní ẹnu àwọn tó jókòó níbẹ̀. Ẹ sọ pé ìlú náà lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá ọ̀kan nínú wọn rí, púpọ̀ nínú wọn kò tíì dàgbà jù. Ẹ má ṣe bi í nípa iye bọ́tìnnì, ìyẹn wà nínú ìwé. Ẹ bi í pé nígbà tí ọkọ̀ mẹ́rin bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ihò abẹ́ ilẹ̀ kò sì gba ju ọ̀kan lọ lórí irin kọ̀ọ̀kan, èwo ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé, kí sì ni ìdí rẹ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe máa ń mọ̀, kí iná pátákó tó sọ ọ́, pé nǹkan kan ti fẹ́ há. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ìka ṣe é lórí tábìlì bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Arìnrìn-Ẹsẹ̀ kọ:

Ọ̀kan wà tí mo mọ̀ lójú, ó ti fẹ̀yìntì, a máa ń pàdé ní ibùdó lówùúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, màá sì kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí. Ti ọkọ̀ mẹ́rin yẹn ni màá kọ́kọ́ bi í.